Dígí Ni Tàbí Rọ́bà? Ọ̀rọ̀ Lórí Awò Oòrùn Tí Ó Ní Nọ́ńbà

Lẹ́tà kan wà níwájú mi tí mo fẹ́ fèsì sí ní gbangba, nítorí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé. Ìyá kan ni ó kọ ọ́. Ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ń lo awò tí dókítà kọ fún un, oòrùn sì ń dà á láàmú bí ó bá ń ti ilé-ìwé bọ̀. Ìyá náà fẹ́ kí wọ́n ṣe awò dúdú fún un, tí yóò ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú. Ẹni tí ń ta awò ní kí ó mú ti dígí, pé dígí ni ojúlówó, pé rọ́bà tètè ń bàjẹ́. Ìyá náà wá ń béèrè èyí tí òun yóò mú.

Èsì mi kò gùn: kí ó má ṣe fi dígí sí ojú ọmọ náà rárá. Ìdí rẹ̀ ni ó gùn díẹ̀, èmi yóò sì sọ ọ́ tán.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ àwọ̀ kúrò lọ́nà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí awò bá ti ṣe dúdú tó ni yóò ṣe dáàbò bo ojú tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtànṣán oòrùn tí ń pa ojú lára jù kì í ṣe èyí tí a ń fi ojú rí. Èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní ultraviolet ni. Òun ni í máa ń dá kún ẹran tí ń hù láti igun ojú wá sórí ẹyinjú, òun náà sì wà nínú ohun tí ń mú kí funfun tètè bo ojú àgbàlagbà. Àwọ̀ dúdú lásán kò ní kí ìtànṣán yìí má wọlé. Èyí tí ó tún burú ni pé nínú òkùnkùn ni ọmọlójú máa ń là sí i. Bí awò bá dúdú, tí kò sì dí ultraviolet, ilẹ̀kùn ni a ṣí sílẹ̀ gbayawu fún olè. Nítorí náà, ẹ béèrè bóyá awò náà jẹ́ UV 400. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù awò ni ó ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wò ó. Ẹ ní kí wọ́n fi tiyín sí i lójú yín.

Nísinsìnyí, dígí. N kò ní bú u. Ó mọ́ gaara, nǹkan kì í sì í tètè fa ìlà sí i lára, ìdí nìyí tí àwọn bàbá wa kan kò fi gbà títí di òní pé rọ́bà jẹ́ awò gidi. Ṣùgbọ́n ó wúwo. Bí ẹ bá gé dígí àti rọ́bà tí a ń lò fún awò ní ìwọ̀n kan náà, ti dígí yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀wọ̀n ìlọ́po méjì. Ohun tí ó bá ojú ni ó sì ń bá imú: ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ga yóò rí ojú àpá lórí imú rẹ̀ kí ọjọ́ tó rọ̀. Ó tún ní àléébù kan tí àwọn òǹtajà kì í sọ. Inú dígí gan-an ni wọ́n máa ń po àwọ̀ mọ́, nítorí náà ibi tí ó bá nípọn ni yóò dúdú jù. Ẹni tí kò ríran jìnnà, etí awò rẹ̀ ni ó nípọn. Etí náà yóò dúdú, àárín yóò mọ́lẹ̀. Ti ẹni tí kò rí nǹkan tòsí yóò yí padà, àárín ni yóò ṣú.

Gbogbo èyí ṣì ṣeé fara dà. Èyí tí kò ṣeé fara dà ni pé dígí ń fọ́. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1972 ni òfin ti ní kí lẹ́ǹsì awò lè gba ọta irin kékeré, tí ìbú rẹ̀ tó ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ íǹṣì, tí a bá jù ú sílẹ̀ láti òkè 50 íǹṣì, láìfọ́. Wọ́n ní láti fi iná tàbí kẹ́míkà mú dígí le kí ó tó lè ṣe é. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ọmọ ilé-ìwé, òkò, ìgbọ̀nwọ́ ẹlẹgbẹ́ ẹni nínú eré, wọn kò mọ 50 íǹṣì. Àfọ́kù dígí nínú ẹyinjú ọmọ, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

Rọ́bà tí ó wọ́pọ̀ jù ni CR-39. Ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ni ó ṣe é ní nǹkan bí ọdún 1940, oríṣi kọkàndínlógójì nínú àwọn tí wọ́n dán wò, ibẹ̀ ni nọ́ńbà náà ti wá. Ó fúyẹ́, kò wọ́n, ó sì mọ́ bíi dígí. Gẹ́gẹ́ bí aláró ṣe ń ki aṣọ bọ ìkòkò ni wọ́n ń ki lẹ́ǹsì yìí bọ inú omi àwọ̀ gbígbóná, àwọ̀ náà sì máa ń mu ún dọ́gba, ìbáà nípọn, ìbáà fẹ́lẹ́. Fún àgbàlagbà tí ń jókòó sí ọ́fíìsì tàbí tí ń lọ sí ọjà, ó tó. Kìkì pé òun nìkan kò lè dí gbogbo ultraviolet. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ohun tí ń dí i kún un.

Polycarbonate ni ti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn. Jámánì àti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rí i, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ní ọdún 1953. Ó fúyẹ́ ju CR-39 lọ, ó ń dí ultraviolet fúnra rẹ̀ bí kò tilẹ̀ ní àwọ̀ kankan, ó sì le débi pé bí nǹkan bá gbá a, ó ṣòro kí ó tó fọ́. Òótọ́ ni òǹtajà yẹn sọ nípa ìlà, ó tètè ń fà sí i lára. Ẹ rí i pé wọ́n ti fi ohun líle bo ojú rẹ̀. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ ga púpọ̀ sì lè máa rí àwọ̀ bíi ti òṣùmàrè létí nǹkan bí ó bá ń fi ẹ̀gbẹ́ awò wò. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè béèrè Trivex, tí ó jáde ní ọdún 2001: ó le, ó tún mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ kò sí ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù, owó rẹ̀ sì lé.

Ẹnikẹ́ni tí ojú kan ṣoṣo kù fún, bóyá àìsàn ni ó mú èkejì lọ tàbí ìjàǹbá, kò gbọ́dọ̀ lo ohun mìíràn yàtọ̀ sí méjì yìí, ìbáà ṣe awò oòrùn, ìbáà ṣe awò ojoojúmọ́. Lórí èyí, n kì í bá ẹnikẹ́ni dúnàá-dúrà.

Ẹ̀yin awakọ̀, ìpele awò oòrùn bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 4. Ìpele 3 tó yín. Ìpele 4 ṣú jù fún ọkọ̀ wíwà. Awò tí ń ṣú fúnra rẹ̀ nínú oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣú nínú mọ́tò, nítorí pé gíláàsì iwájú ọkọ̀ ti dí ìtànṣán tí ń mú un ṣú.

Bí awò náà bá délé, omi àti ọṣẹ díẹ̀ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ fi aṣọ múlọ́múlọ́ nù ún, kì í ṣe etí ìró tàbí etí agbádá tí eruku ti kún. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò lọ́sàn-án gangan, kí ohun tí wọ́n fi bo ojú rẹ̀ má baà sán. Ẹ̀yin ọmọge, oògùn tí ẹ fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, ẹ gbé e jìnnà sí polycarbonate, bí ó bá kán sí i, ojú awò náà yóò ṣú kùkù, kò sì ní mọ́ mọ́.