Ṣé o mọ̀ pé àwọn oní-Indomie wà lára àwọn tó ni èbúté Lẹ́kí ní Èkó?

Tolaram, ilé-iṣẹ́ ará Singapore, ni. Láti 1988 ni wọ́n ti ń kó Indomie wọ Nàìjíríà, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é níbí ní 1995. Ẹni tó bá ti fi ọdún gbọọrọ kó ọjà gba èbúté Apapa kọjá, kò yani lẹ́nu bó bá ń wá èbúté mìíràn!

Owó tí wọ́n fi kọ́ èbúté Lẹ́kí ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ. China Harbour, ilé-iṣẹ́ àwọn ará Ṣáínà, ló ní ìpín tó pọ̀ jù. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó àti àjọ tó ń bójú tó àwọn èbúté Nàìjíríà náà ní tiwọn níbẹ̀. Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari ṣí i.

Jíjìn omi rẹ̀ ni wọ́n fi ń yangàn: nǹkan bíi mítà 16.5. Bí kọ̀ǹtéénà bá ṣe pọ̀ tó nínú ọkọ̀ ni ìdí ọkọ̀ ṣe ń rì sísàlẹ̀ tó. Omi Apapa kò jìn tó fún àwọn ọkọ̀ tó tóbi jù, nítorí náà, kí Lẹ́kí tó ṣí, èbúté Lomé ní Togo ni ọ̀pọ̀ wọn ń já ẹrù sí, kí ọkọ̀ kékeré tó wá gbé e wá sí Èkó. Owó ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì nìyẹn, ẹni tó ra ọjà lọ́jà ló sì ń san án.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣí Lẹ́kí, reluwé kankan kò dé ibẹ̀. Tírélà ló ń kó ọ̀pọ̀ ẹrù jáde.