Ọgbà Ìgbafẹ́ Kì í Ṣe ti Ọjọ́ Iléyá Nìkan

Bí Iléyá tàbí Ìtúnu Ààwẹ̀ bá dé, èrò a máa wọ́ láti Basin, Tankẹ̀ àti àdúgbò mìíràn n'Ílọrin lọ sí ọgbà ẹranko tó wà nínú Yunifásítì Ìlọrin. Bí ọdún bá ti kọjá, ọ̀pọ̀ wọn kì í rántí ibẹ̀ mọ́. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ ni pé ìgbafẹ́ jẹ́ nǹkan ọjọ́ ọdún. Bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ̀rọ̀ rí. Ọgbà tó fẹ̀, tó sì ní igi, ń bá ìlú ṣiṣẹ́ yípo ọdún, bí ojú ọjọ́ bá sì ṣe ń yí ni iṣẹ́ rẹ̀ ń yí.

Ìgbà méjì ni wọ́n fi ń kọ́ wa nílé ìwé, òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lo ọgbà yóò ka mẹ́rin. Láàárín oṣù kejì sí ìkẹta, ooru a máa mú débi pé páànù òrùlé àti ọ̀dà títì á gbóná janjan. Abẹ́ ọ̀gànwó tàbí dongoyárò ni ìtura wà nígbà náà. Ibòòji nìkan kọ́ ló ń fún wa: omi tí gbòǹgbò fà máa ń gba ojú ewé jáde sínú afẹ́fẹ́, ó sì ń kó ooru lọ, bí òógùn ṣe ń tu ara. Ní oṣù kẹrin, àkọ́rọ̀ òjò á pa eruku, ewé á rú. Kò ní pẹ́ tí èso èmì á fi máa já bọ́. Bí òjò bá wá le ní oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án, ilẹ̀ ọgbà á máa mu omi tí sìmẹ́ǹtì kò lè mu, ẹni tó bá sì jáde nígbà tó dá á rí koríko tútù àti afẹ́fẹ́ tó mọ́. Láti oṣù kọkànlá, ọyẹ́ á fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà: àràbà á wọ́wé, lékeléke tó bá òjò lọ sí òkè ọya á ti padà, òwúrọ̀ á sì dára fún ìrìn. Ẹni tó ní asthma ni kó dúró dìgbà tí eruku bá rọlẹ̀.

Àwọn kan á ní ilẹ̀ ìlú ti wọ́n jù fún koríko. Ṣùgbọ́n odò Asà la Ìlọrin já láti gúúsù sí àríwá, etí odò kì í sì í ṣe ibi tó yẹ kí ènìyàn kọ́lé sùn sí; ọgbà ló yẹ ibẹ̀. Ẹ wo Ìbàdàn. Ọdún 1967 ni wọ́n dá ọgbà Àgodi sílẹ̀. Nígbà tí odò Ògùnpa ya ní 1980, omi gbé ọgbà náà lọ, ó gbé ilé àti ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ pẹ̀lú. Ọgbà Àgodi ti padà bọ̀ sípò láti 2014. Àwọn tó bómi lọ kò padà. Ní London, níbi tí ilẹ̀ ti wọ́n ju tiwa lọ, ṣe ni wọ́n wó ilé àti ilé iṣẹ́ kí ọgbà Burgess Park, tí àwọn ọmọ Yorùbá Peckham ń gbafẹ́ níbẹ̀ lónìí, tó lè wà.

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù ejò àti olè. Ẹ̀rù náà kì í ṣe àsọdùn, àmọ́ igbó tí a pa tì ni ejò àti olè fẹ́ràn. Ibi tí wọ́n ń ro koríko rẹ̀, tí iná ń tàn, tí àwọn ìdílé ń wọlé lójoojúmọ́, kò rọrùn fún wọn. Ìdí nìyẹn tí fífi ọgbà sílẹ̀ di ọjọ́ ọdún fi ń dá kún ewu tí à ń sá fún.

Nítorí náà, kí ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara gbin igi kí wọ́n tó da sìmẹ́ǹtì, kí owó ẹnu ọ̀nà má sì ju agbára mẹ̀kúnnù lọ. Kí àwa náà má dúró de Iléyá: ẹ mú àwọn ọmọ lọ lọ́jọ́ Sátidé lásán.