Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Báwo ni Osimhen ṣe dé Galatasaray lẹ́yìn tí ọjà ti pa?

Nílé ìwòran bọ́ọ̀lù l'Ókè-Ìmẹ̀sí, àwọn èèyàn ṣì ń bèèrè ọ̀rọ̀ yìí.

Ìparí oṣù kẹjọ 2024 ni ọjà agbábọ́ọ̀lù pa ní Ítálì. Ìgbìyànjú láti lọ sí ẹgbẹ́ Chelsea tàbí Al-Ahli kò bọ́ sí i fún Osimhen, agbábọ́ọ̀lù Napoli ní Ítálì. Napoli wá gbé jẹ́sì 9 rẹ̀ fún agbábọ́ọ̀lù mìíràn, Lukaku. Ó dùn wá gan-an: ẹni tó ju góòlù 26 sáwọ̀n ní líìgì Ítálì, tí wọ́n fi gba ife rẹ̀ ní 2023!

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọjà ń pa yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ti Tọ́kì ṣì wà ní ṣíṣí. Galatasaray, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ibẹ̀, yá a lọ́wọ́ Napoli fún sáà kan, èrò sì ya lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Istanbul. Góòlù 37 ló fi san án fún wọn. Ní oṣù keje 2025, wọ́n rà á pátápátá ní mílíọ̀nù 75 yúrò: 40 lójú ẹsẹ̀, 35 díẹ̀díẹ̀. Lójú tèmi, owó náà tọ́ sí i.