Egungun Ìhà àti Bẹ́líìtì Ọkọ̀

Ní ìdíkọ̀ Ìyànà-Ìbà, ẹni tó bá jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn nínú ọkọ̀ Mile 2 ni yóò de bẹ́líìtì. Àwọn kan a máa fà á gba abẹ́ apá ọ̀tún, kí ó má baà ha wọ́n lọ́rùn. Ewu wà níbẹ̀.

Egungun ìhà 24 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní, 12 lọ́tùn-ún, 12 lósì. Iye kan náà ni ti ọkùnrin àti obìnrin. Gbogbo wọn ló so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Níwájú, kerekere ló so méje òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ egungun àárín àyà. Mẹ́ta tó tẹ̀ lé wọn fara ti kerekere ìkeje. Méjì ìsàlẹ̀ kò so mọ́ nǹkan kan níwájú.

Ẹ̀yìn egungun ìhà ìsàlẹ̀ lọ́tùn-ún ni ẹ̀dọ̀ wà. Bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, bẹ́líìtì abẹ́ apá lè ṣẹ́ wọn, kí ṣóńṣó egungun sì gún ẹ̀dọ̀.

Orí èjìká ni kí bẹ́líìtì gbà, kí ó kọjá láàárín àyà. Kí ti ìsàlẹ̀ wà lórí egungun ìbàdí, kì í ṣe lórí ikùn. Abẹ́ ikùn ni kí aláboyún de é sí.