Nígbà Tí Àgbà Bá Ń Ṣarán: Iṣẹ́ Òjíṣẹ́ Ọlọ́run Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹni Tí Àrùn Ìgbàgbé Ń Mú Lọ

Ní ìsọ́ òru kan ní Odigbo, ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, màmá àgbàlagbà kan dìde láàárín ìjọ tí à ń bójú tó. Ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n síwájú. Wọ́n ní àwọn làwọn pa ọkọ àwọn. Ọkọ náà ti kú láti bí ogún ọdún, ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa wọ́n, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀. Ṣùgbọ́n ní òru yẹn, kò sẹ́ni tó rántí ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwọn kan pariwo orúkọ Jésù, àwọn kan fa ọmọ wọn sẹ́yìn. Àwa náà gbé ọwọ́ lé màmá lórí, a pàṣẹ pé kí ẹ̀mí tó ń jẹ́wọ́ jáde, a sì ní kí wọ́n gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún! Ní ọjọ́ kejì, ọmọbìnrin wọn bá wọn nílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá, ẹnu wọn gbẹ, wọn kò lè dìde.

Dókítà tó rí wọn ní Oǹdó ló là wá lọ́yẹ̀. Àrùn ìgbàgbé ni, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní dementia. Nígbà tí bàbá ń ṣàìsàn, màmá lọ sí oko kòkó ní ọjọ́ tí ara bàbá burú jù, ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò lọ́kàn wọn láti ìgbà náà. Nígbà tí ọpọlọ bẹ̀rẹ̀ sí í daṣẹ́ sílẹ̀, ohun tó ṣẹ́kù nínú ìtàn náà ni ẹ̀bi. Ohun tí a pè ní ìjẹ́wọ́ àjẹ́, ìbànújẹ́ opó ni.

Yorùbá mọ ipò yìí tipẹ́. A máa ń ní bàbá ti ń ṣarán, tàbí pé màmá ti padà di ọmọdé. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé a kì í kà á sí àìsàn. Bó bá rọra ń bọ̀, a ó ní ogbó ni. Bó bá di ìwà àjèjì, a ó ní ẹ̀mí òkùnkùn ni. Àìsàn ọpọlọ ni. Ní ọdún 1906 ni Alois Alzheimer, dókítà kan ní Jámánì, ṣàpèjúwe irú èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀, tí a sì fi orúkọ rẹ̀ pè é. Irú mìíràn ń tẹ̀lé rọpárọsẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Títí di òní, kò sí oògùn tó ń wò ó sàn. Ìrántí ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ọ̀nà ilé, lẹ́yìn náà ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, lẹ́yìn náà ìrìn àti ọ̀rọ̀ sísọ. Ní ìgbẹ̀yìn, ọ̀fun yóò gbàgbé bí a ṣe ń gbé oúnjẹ mì. Èyí ni ọ̀pọ̀ ìdílé kò mọ̀: àrùn ìgbàgbé ń pa ènìyàn.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé àrùn òyìnbó ni. Ní Ìdíkàn, ní Ìbàdàn, ni ọ̀kan nínú àwọn ìwádìí tó lókìkí jù lágbàáyé lórí ọ̀rọ̀ yìí ti wáyé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun, ọmọ Òkèmẹ̀sí ní Èkìtì, àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Adesola Ogunniyi wà lára àwọn tó darí rẹ̀, pẹ̀lú Ọ̀jọ̀gbọ́n Hugh Hendrie àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Ilé dé ilé ni wọ́n ń lọ láti bá àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè sọ̀rọ̀. Nínú èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1995, ìdá 2.29 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbà Ìbàdàn ló ní àrùn náà. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis tó ń gbé nílé ara wọn, ìdá 4.82 ni, nígbà tí wọ́n sì ka àwọn tó wà ní ilé ìtọ́jú arúgbó mọ́ wọn, ó di ìdá 8.24. Èsì kejì ní 2001 fi hàn pé lọ́dọọdún, nǹkan bí ìdá 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún ni àrùn náà ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn ní Ìbàdàn, tí ti Indianapolis sì jẹ́ 3.24.

Ó kéré lọ́dọ̀ wa, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo àwọn nọ́ńbà Indianapolis yẹn. Ibẹ̀ ní ilé tí wọ́n ń kó àwọn tí àrùn náà ti wọ̀ lára lọ, tí nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ní Odigbo, yàrá ẹ̀yìn nílé ọmọbìnrin tàbí ìyàwó ilé ni ilé ìtọ́jú náà, òun náà sì ni nọ́ọ̀sì. Bí ìjọ kò bá wọ inú yàrá yẹn, kò sí ẹlòmíràn tí yóò wọ̀ ọ́.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá náà ní òpin? Ìwádìí kan tí Susan Mitchell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2009 dáhùn rẹ̀ ju ìyókù lọ. Wọ́n tẹ̀lé ènìyàn 323 tí àrùn náà ti dé góńgó lára wọn, ní ilé ìtọ́jú 22 ní agbègbè Boston, fún oṣù méjìdínlógún. Ju ìdajì wọn lọ ló kú. Ìṣòro oúnjẹ jíjẹ bá nǹkan bí ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún, ibà bá ju ìdajì lọ, òtútù àyà bá ìdá 41. Ìrora àti èémí tí kò délẹ̀ wọ́pọ̀ láàárín wọn. Ohun tó kàn wá jù nìyí: àwọn tí ìdílé wọn mọ̀ pé òpin ti dé tòsí, tí wọ́n sì mọ ohun tó ń bọ̀, kì í sábà gba ìtọ́jú oníwàhálà ní oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn, irú bíi kí a máa sáré gbé wọn lọ sí ọsibítù tàbí kí a ti rọ́bà oúnjẹ gba imú wọn. Òtítọ́ tí ìdílé gbọ́ ló dáàbò bo aláìsàn.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa lórí pẹpẹ, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dùn wá. Àwa la máa ń dí òtítọ́ yẹn lọ́nà. A ti kọ́ àwọn ènìyàn wa débi pé bí dókítà bá sọ ikú lẹ́nu, wọ́n á fi ẹ̀jẹ̀ Jésù fagi lé e, wọ́n á sì gbé àgbà tó ti rẹ̀ lọ sí ibòmíràn kí wọ́n lè gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn. A kò sọ pé kí a má gbàdúrà ìwòsàn. Ọwọ́ wa kò ní yé lé aláìsàn lórí. Ohun tí à ń sọ ni pé ìgbàgbọ́ kò ní kí a purọ́ fún ọmọ nípa ipò ìyá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni ìjà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí màmá bá yí ojú kúrò níbi ẹ̀kọ, ọmọ á rò pé ebi ni yóò pa wọ́n, á sì fi tipátipá tì í sí wọn lẹ́nu. Ẹ̀kọ náà á gba ọ̀nà èémí, òtútù àyà á tẹ̀ lé e. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà ti gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n má ti rọ́bà sí imú tàbí ikùn ẹni tí àrùn náà ti dé góńgó lára rẹ̀, nítorí kò fi kún ọjọ́ ayé wọn, kò sì dènà òtútù àyà. Ìmọ̀ràn wọn ni kí a gbé wọn jókòó dáadáa, kí a fi ṣíbí kékeré fún wọn ní ìwọ̀nba tí wọ́n bá fẹ́, kí a sì máa fi omi tu ètè wọn. Ẹni tó ń kú lọ kì í jẹun mọ́ nítorí pé ó ń kú lọ. Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa pẹ̀lú: búrẹ́dì gbígbẹ lè há wọn lọ́fun, nítorí náà ẹ rì í, kí ẹ sì fún wọn ní èérún.

Ìbéèrè ẹ̀kọ́ ìsìn tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí kò rọrùn fún ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì. Ẹnu ni à ń lò jù: ìjẹ́wọ́, ẹ̀rí, èdè àjèjì. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ ti lọ ńkọ́? Ẹni tó ti gbàgbé orúkọ Jésù pàápàá? Bí ìgbàgbọ́ bá jẹ́ ohun tí ènìyàn ń rántí nìkan, a jẹ́ pé màmá ti sọ ìgbàlà nù nínú àìsàn. Ṣùgbọ́n nínú Aísáyà 46, Ọlọ́run ni ó ń gbé àwọn ènìyàn rẹ̀ láti inú oyún títí dé ewú. Wọn kò gbé ara wọn. Orí 49 gbà pé ìyá lè gbàgbé ọmọ, ó sì sọ pé Ọlọ́run kì í gbàgbé. Róòmù 8:26, tí a máa ń fi wàásù nípa èdè àjèjì, ẹ̀ẹ̀mélòó la ti kà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́? Ní 2 Sámúẹ́lì 19, Barsillai ẹni ọgọ́rin ọdún sọ fún Dáfídì pé òun kò mọ adùn oúnjẹ mọ́, òun kò sì gbọ́ ohùn akọrin mọ́. Ọba kò bá a wí fún ọ̀rọ̀ àìgbàgbọ́. Ó fẹnu kò ó lẹ́nu, ó súre fún un, ó jẹ́ kó padà sílé rẹ̀.

Ohun tí àṣìṣe wa lè dà, ẹ wo Gánà. Ní oṣù keje ọdún 2020, wọ́n lu Akua Denteh, ìyá ẹni 90 ọdún, pa ní gbangba ní Kafaba nítorí wọ́n ní àjẹ́ ni. Ní oṣù keje ọdún 2023, ilé aṣòfin ibẹ̀ fọwọ́ sí àbá òfin tó ta ko fífi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ènìyàn. Irú ikú bẹ́ẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti ara èébú kan ṣoṣo lórí pẹpẹ, a sì ti sọ irú rẹ̀ rí ní Odigbo.

Ní Ore, ewu mìíràn wà. Òpópónà Èkó sí Benin là á kọjá, ọkọ̀ kì í sì í sinmi níbẹ̀. Àgbà tó ń wá ilé bàbá rẹ̀ tó ti wó tipẹ́ lè rìn wọ àárín tírélà. A ti gba àwọn ìdílé níyànjú láti kọ nọ́ńbà fóònù sára aṣọ wọn, kí àwọn tó ń ta búrẹ́dì àti àwọn ọlọ́kadà mọ ẹni tí wọn yóò pè. Bí ìwà àgbà bá sì yí padà láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta péré, kí wọ́n má jókòó ti ṣọ́ọ̀ṣì: ó lè jẹ́ ibà tàbí àìsàn mìíràn tó ṣeé wò, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn wà ní Oǹdó. UCH ní Ìbàdàn sì ti ní ibùdó tirẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà láti 2012. Ní ìjọ wa, àwọn obìnrin méjì-méjì ń lọ jókòó ti aláìsàn ní ọ̀sán Sátidé kí ọmọ tó ń tọ́jú rẹ̀ lè sùn. Kékeré ni, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin màmá sọ pé ọ̀sán mẹ́rin yẹn nínú oṣù ni kò jẹ́ kí òun ya wèrè.

Màmá lo ọdún méjì sí i. Ní oṣù tó kẹ́yìn, wọn kò mọ̀ wá mọ́, wọ́n ń pè wá ní orúkọ ẹ̀gbọ́n wọn, a sì ń jẹ́ ẹ. Ọmọ wọn kan tó wà l'Ékòó fẹ́ kí a gbé wọn lọ gba rọ́bà oúnjẹ. Èyí tó ń tọ́jú wọn kọ̀, ó sì wò wá lójú pé kí a sọ̀rọ̀. A sọ ohun tí dókítà sọ, láìyọ nǹkan kan kúrò. Ọjọ́ kọkànlá ni màmá kú lórí ẹní wọn, ní àfẹ̀mọ́jú.

Ní alẹ́ ìsìn orin, a dìde níwájú ìjọ kan náà, a sì sọ pé ohun tí a ṣe fún màmá ní ìsọ́ òru ọjọ́ kìíní kò tọ́, pé wọn kò pa ẹnikẹ́ni. Àwọn kan wo ilẹ̀. Alàgbà kan dìde jáde. Ọmọbìnrin màmá kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí ìsìn parí, ó bu omi wá fún wa, ó sì jókòó tì wá títí a fi mu ún tán.