Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Bí Postfix ṣe ń wádìí lọ́wọ́ dátábéèsì

Kí Postfix, sọ́fítíwíà méèlì tí Wietse Venema kọ, tó gba méèlì wọlé, ó lè bi dátábéèsì MySQL bóyá ẹni tí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí wà. Ìlà “hosts” nínú fáìlì ètò Postfix ni wọ́n ń kọ sáfà dátábéèsì sí. Ẹyọ kan kò tó: tó bá kú, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Bí wọ́n bá kọ méjì tàbí mẹ́ta, Postfix kì í tẹ̀ lé bí wọ́n ṣe tò ó. Èyíkéyìí ló ń mú, àfi pé ti “unix”, tó wà lórí ẹ̀rọ kan náà, ló ń ṣáájú. Bí gbogbo wọn bá dákẹ́, yóò ní kí méèlì náà padà wá láìpẹ́. Ewu gidi wà lára sáfà tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti gbó: bó bá ní ẹnì kan kò sí, Postfix kò ní bi òmíràn.