Bí Pẹ́ńsùlù Ṣe Lè Jẹ Owó Ilé Yín

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ pláànù ilé la mú wá. Òótọ́ ni, kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán ń lò báyìí, ṣùgbọ́n káfíńtà àti bíríkìlà wa ní Ẹdẹ níbí ṣì ń fọwọ́ yàwòrán.

Ọ̀pọ̀ pláànù ilé, 1:100 ni ìwọ̀n rẹ̀. Ìyẹn ni pé mìlímítà 1 lórí ìwé jẹ́ sẹ̀ntímítà 10 lórí ilẹ̀. Ògiri búlọ́ọ̀kù íǹṣì 9 kò ju mìlímítà 2 àti díẹ̀ lọ lórí ìwé. Ti íǹṣì 6 jẹ́ mìlímítà 1 àtààbọ̀. Bí ẹnu pẹ́ńsùlù bá ti kú, ìlà rẹ̀ lè gbé ìyàtọ̀ àárín méjèèjì mì. Owó búlọ́ọ̀kù tí ẹ ò rò tẹ́lẹ̀ dé nìyẹn, bóyá nínú owó tí ẹ yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ pàápàá. Àtúnṣe rẹ̀ ò sì gba owó ńlá.

Èkíní, pẹ́ńsùlù. Ní 1795 ni Nicolas-Jacques Conté, ará Faransé, gbàwé àṣẹ lórí bó ṣe ń po amọ̀ mọ́ èròjà dúdú inú rẹ̀. Bí amọ̀ bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń le tó. Ẹ fi HB kọ̀wé, kí ẹ fi 2H fa ìlà. Ẹ fi bíléèdì gbẹ́ ẹ, kí ẹ fẹnu rẹ̀ ra sáńdípépà. Bí ẹ bá ń fa ìlà lọ, ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ má bàa jẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Èkejì, rúlà. Orí rúlà tó ti pẹ́ sábà máa ń họ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí 1, kí ẹ yọ 1 kúrò nígbà tí ẹ bá kà á tán. Bí yàrá mẹ́rin bá tò tẹ̀léra, ẹ má gbé rúlà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú kan ni kó wà, kí ẹ máa ro ó pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àìṣe bẹ́ẹ̀, àṣìṣe kéékèèké mẹ́rin á para pọ̀ di ńlá. Ibi tí ìlà máa gbà, ẹ fi orí abẹ́rẹ́ gún un, ẹ má fi pẹ́ńsùlù tò ó.

Ẹ̀kẹta, set square. Ẹ gbé e lé T-square, ẹ fa ìlà kan sókè. Ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ tún fa òmíràn láti ojú kan náà. Bí ìlà méjèèjì bá là sí méjì lókè, kò dúró ṣánṣán mọ́ nìyẹn. Ìdajì àlàfo yẹn ló fi yẹ̀. Ẹ wá òmíràn rà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́lé, iye tí wọ́n kọ sórí pláànù ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé, ẹ má fi rúlà wọn fọ́tòkọ́pì, torí ó lè fẹ̀ tàbí kó sún kì. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì adìẹ. Ó doṣù tó ń bọ̀ o.